Ẹ̀mí Kan, Òfin Méjì: Ẹjọ́ Ìpànìyàn ní Òkè Ọya Kí Òmìnira Tó Dé

Ní ọdún 1947, ẹjọ́ ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tsofo Gubba, láti ilẹ̀ Gwandu ní apá Sokoto, dé iwájú Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kóòtù Ẹ́míà Gwandu ti dá a lẹ́bi ìpànìyàn, ó sì ti dá ẹjọ́ ikú fún un. Ọ̀rọ̀ tí àwọn adájọ́ jókòó lé lórí ni òfin tí ó yẹ kí a fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí a bá fi òfin Mùsùlùmí wọ̀n ọ́n, ikú ni. Bí a bá sì fi Ìwé Òfin Ọ̀daràn ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ̀n ọ́n, a ní láti kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n mú un bínú kí ó tó ṣe ohun tí ó ṣe. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni ìjìyà rẹ̀. Ìjọba kan ṣoṣo ni ó fi ọwọ́ sí òfin méjèèjì, ẹ̀mí ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó sì wà láàrin wọn.

Ìtàn bí ọ̀rọ̀ náà ti di bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1903, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Frederick Lugard ṣẹ́gun Sokoto. Lugard bá Sultan tuntun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ó ṣe ìlérí pé ìjọba kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú ẹ̀sìn rẹ̀, àti pé àwọn Ẹ́míà àti àwọn àlìkálì, èyíinì ni àwọn adájọ́ Mùsùlùmí, yóò máa dá ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń dá a látijọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i. Ó ní kí wọ́n má ṣe gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́, kí wọ́n má ṣe gé ẹ̀yà ara ènìyàn mọ́, kí wọ́n má sì ṣe pa ẹnikẹ́ni tí a dá ẹjọ́ ikú fún láìjẹ́ pé Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fi ọwọ́ sí i.

Ìlérí yìí kì í ṣe ti ọ̀làwọ́ nìkan. Ilẹ̀ Àríwá tóbi púpọ̀, àwọn òyìnbó tí ó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, owó tí Lugard ní lọ́wọ́ sì kéré. Kò sí ọ̀nà tí ó fi lè ṣe àkóso ilẹ̀ náà láìjẹ́ pé ó gba ọwọ́ àwọn Ẹ́míà ṣe é. Àwọn kóòtù wọn ti wà láti ìgbà Usman dan Fodio, wọ́n ní ìwé, wọ́n ní ọ̀mọ̀wé, àwọn ará ìlú sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nítorí náà, òfin kóòtù ìbílẹ̀ tí ìjọba ṣe ní ọdún 1906 fi ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn kóòtù tí ó ga jù láàrin wọn, tí àwọn Ẹ́míà ńláńlá fúnra wọn jókòó sí, ní àṣẹ láti dá ẹjọ́ ikú, bí Gómìnà bá ti fi ọwọ́ sí i.

Ìjọba kan náà ni ó tún gbé òfin mìíràn wọlé. Ní ọdún 1904, Lugard ṣe Ìwé Òfin Ọ̀daràn fún Àríwá Nàìjíríà. Ilẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà ni wọ́n ti mú àwòṣe rẹ̀, láti inú ìwé òfin tí Sir Samuel Griffith kọ, tí ìjọba Queensland sì fi ọwọ́ sí ní ọdún 1899. Lẹ́yìn tí a ti so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọdún 1914, Lugard sọ ìwé yìí di ti gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916. Abala kẹrin rẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni ní ilé-ẹjọ́ kankan ní Nàìjíríà àfi nípa ohun tí a kọ sílẹ̀ nínú òfin. Ṣùgbọ́n ó yọ àwọn kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú àṣẹ náà. Láti ìgbà náà lọ, òfin ìpànìyàn di méjì ní Òkè Ọya, ọ̀kan níwájú adájọ́ òyìnbó, ọ̀kan níwájú Ẹ́míà.

Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn? Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Nínú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ni ó ni ẹjọ́ ìpànìyàn. Ẹni tí ó pa ọmọ ẹnìkejì ti ba àlàáfíà ìlú jẹ́, ìlú ni yóò sì mú un. Bí bàbá olóògbé fẹ́ bí kò fẹ́, ìjọba yóò pe ẹjọ́ náà. Bí a bá fi hàn pé ọ̀daràn náà ní i lọ́kàn láti pa ẹni náà, tàbí láti ṣe é léṣe tí ó burú jáì, ikú nìkan ni adájọ́ lè kéde. Kò ní ìjìyà mìíràn lọ́wọ́. Gómìnà nìkan ni ó lè ṣàánú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe ohun kan sí i tí ó mú inú rẹ̀ ru lójijì, tí ó sì ṣe é kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà dín kù, ó di ìpànìyàn tí kò ní ikú nínú, àmọ́ tí ó lè mú ẹ̀wọ̀n gbére dání.

Òfin Mùsùlùmí gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀ka Máliki ni àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé, nínú rẹ̀ sì ni àwọn ẹbí olóògbé ti ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ ọkùnrin lè béèrè ẹ̀mí dípò ẹ̀mí. Wọ́n lè gba owó ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn ìwé àtijọ́ fi sí ọgọ́rùn-ún ràkúnmí tàbí ẹgbẹ̀rún owó wúrà. Wọ́n sì lè dárí jì í láìgba nǹkan kan. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dárí jì í, kò lọ lásán: ọgọ́rùn-ún pàṣán àti ẹ̀wọ̀n ọdún kan ń dúró dè é. Àfi ẹni tí ó fi ẹ̀tàn tàbí olè jíjà pa ènìyàn ni àwọn ẹbí kò ní agbára láti forí jì; ikú ni tirẹ̀.

Àánú wà nínú òfin yìí tí kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé a kì í gbàgbé opó àti ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó le ní ibi tí ti Gẹ̀ẹ́sì ti rọ̀. Ẹni tí ó fi ìbínú lu ẹnìkejì rẹ̀, tí ẹni náà sì kú, àmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn ni, ì báà jẹ́ pé kò ní i lọ́kàn láti pa á. Ìbínú kì í ṣe àwíjàre. Lẹ́yìn èyí, gbogbo ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó dọ́gba nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn. Owó ẹ̀jẹ̀ obìnrin jẹ́ ìdajì ti ọkùnrin. Ti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kéré sí ti Mùsùlùmí. A kì í sì í sábà gba ẹ̀mí Mùsùlùmí dípò ẹ̀mí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹ̀rí ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn náà kò sì ní ìwọ̀n kan náà níwájú àlìkálì.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ti òyìnbó ni ó ṣàánú ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 1954, ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ó pa obìnrin kan nítorí ó gbàgbọ́ pé obìnrin náà fi àjẹ́ ṣe ìyàwó òun léṣe dé iwájú àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn adájọ́ náà kò sọ pé irọ́ ni ó ń pa nípa ohun tí ó gbàgbọ́. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò rẹ̀ ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá làákàyè mu lójú òfin, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ẹ̀bi ìpànìyàn tí a ti dá a. Òfin tí a kọ fún àwọn ará Queensland kò mọ ẹ̀rù tí ń ba àgbẹ̀ abúlé ní Òkè Ọya lóru.

Bí ó bá jẹ́ pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òfin méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan náà ni. Ọkùnrin méjì lè ṣe ohun kan náà ní ẹkùn kan náà. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan lọ sí kóòtù Ẹ́míà, tí wọ́n gbé èkejì lọ síwájú adájọ́ òyìnbó, ọ̀kan lè kú kí èkejì sì padà sílé lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n yan kóòtù fún ara wọn. Ibi tí a ti mú wọn àti ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rò pé ó yẹ ni ó máa ń pinnu rẹ̀.

Ohun kékeré kan ni ó mú ọ̀rọ̀ náà jáde sí gbangba. Ní ọdún 1933, nígbà tí ìjọba ń tún ètò àwọn ilé-ẹjọ́ ṣe, wọ́n ṣí ọ̀nà fún ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti inú kóòtù ìbílẹ̀ lọ sí àwọn ilé-ẹjọ́ òyìnbó. Wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ tí ó dá kóòtù ìbílẹ̀ sí kúrò nínú abala kẹrin Ìwé Òfin Ọ̀daràn. Kò sí ìyípadà kan tí àwọn ará ìlú rí. Àwọn Ẹ́míà ń dá ẹjọ́ bí wọ́n ti ń dá a, àwọn Gómìnà sì ń fi ọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá bẹ́ẹ̀ kí ẹjọ́ Gubba tó dé.

Nígbà tí àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ka òfin náà gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́, wọ́n rí i pé kò fi àyè sílẹ̀ fún òfin méjì. Wọ́n ní bí ohun tí ẹnì kan ṣe bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú Ìwé Òfin Ọ̀daràn, ìwé náà ni kóòtù ìbílẹ̀ pàápàá gbọdọ̀ fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Kò lè fi òfin Mùsùlùmí pa ẹni tí ìwé náà kò ní kí a pa.

Ìdájọ́ yìí dà bí ìgbà tí ààrá bá sán láàrin ọ̀gbẹlẹ̀. Lójú àwọn Ẹ́míà àti àwọn ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí, ìlérí tí Lugard ṣe ní Sokoto ti yẹ̀. Ìṣòro mìíràn tún wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn rárá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ Ìwé Òfin Ọ̀daràn. Èdè Lárúbáwá àti Hausa ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlìkálì mọ̀. Báwo ni adájọ́ yóò ti ṣe fi ìwé tí kò lè kà dá ẹjọ́ ẹ̀mí ènìyàn?

Ìjọba wá ọgbọ́n sí i ní ọdún 1951. Wọ́n fi abala tuntun kún òfin kóòtù ìbílẹ̀, tí ó sọ pé kóòtù náà lè fi òfin ìbílẹ̀ tàbí ti Mùsùlùmí dá ẹni lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìjìyà tí yóò fún un kò gbọdọ̀ ju èyí tí òfin ìjọba là sílẹ̀ fún ohun kan náà lọ. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n kò parí. Kí adájọ́ tó lè mọ̀ bóyá ikú ju ohun tí òfin ìjọba gbà lọ, ó ní láti mọ̀ bóyá òfin ìjọba yóò pe ohun tí ọ̀daràn náà ṣe ní àmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn. Ìyẹn ni pé ó ní láti dá ẹjọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú òfin méjì, nínú orí kan ṣoṣo. Ẹjọ́ láti Sokoto, láti Kano àti láti Bauchi dé iwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Àríwá àti Ilé-Ẹjọ́ Àgbà ti Ìjọba Àpapọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1957, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì gbé dání.

Ní àkókò yẹn, òmìnira ti ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké, pàápàá ní ààrin gbùngbùn ilẹ̀ náà, ń bẹ̀rù ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí wọn bí òyìnbó bá lọ. Níwájú ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá ní ọdún 1957 láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, ọ̀rọ̀ òfin àti kóòtù wà lára ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Kristẹni tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ yóò rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà nínú kóòtù Mùsùlùmí, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ tiwọn yóò níye lórí bí ti ọmọ ẹlòmíràn.

Ìjọba Sir Ahmadu Bello kò di etí sí i. Ní ọdún 1958, wọ́n rán àwọn aṣojú lọ sí Líbíà, Pakísítánì àti Súdánì láti wo bí àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí tí ó gba òmìnira ti ń ṣe òfin wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n yan ìgbìmọ̀ àwọn amòfin. Sayyed Muhammad Abu Rannat, Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Súdánì, ni alága. Adájọ́ Muhammad Sharif wá láti Pakísítánì, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. N. D. Anderson, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ òfin Mùsùlùmí, wá láti London, àwọn ọmọ Àríwá bíi Shettima Kashim àti Peter Achimugu sì wà níbẹ̀. Mùsùlùmí àti Kristẹni, ará ilé àti àlejò ni wọ́n jọ jókòó.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n mú wá ni pé kí a kọ ìwé òfin kan tí yóò de gbogbo ènìyàn ní Àríwá, kí a sì mú àwòṣe rẹ̀ láti Súdánì. Ìwé Súdánì fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìwé òfin ilẹ̀ Íńdíà ti ọdún 1860, tí ó ti ṣiṣẹ́ fún Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí fún ìgbà pípẹ́. Ìjọba gbà á. Ìwé tuntun náà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Penal Code, di òfin ní ọdún 1959. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tí òmìnira ku ọjọ́ kan.

Nínú ìwé yìí, ìpànìyàn pín sí ọ̀nà méjì: èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, àti èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Ìbínú òjijì tí ó ní ìdí gúnmọ́ lè gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà láti apá kìíní lọ sí èkejì, ta ni ì báà dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀tọ́ àwọn ẹbí láti béèrè ẹ̀mí, láti gba owó ẹ̀jẹ̀ tàbí láti dárí jini dópin. Ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ẹni tí a ṣẹ̀ pátápátá, nítorí pé ìwé náà fún adájọ́ láṣẹ láti pàṣẹ pé kí ọ̀daràn san owó ìtánràn fún ẹni tí ó pa lára. Àwọn àlìkálì lọ gba ẹ̀kọ́ nípa òfin tuntun náà ní Zaria. Òfin Ìpìlẹ̀ òmìnira sì fi èdìdì dì í: láti ìgbà náà, a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀daràn nípa òfin tí a kò kọ sílẹ̀, tí a kò sì sọ ìjìyà rẹ̀.

Nǹkan kan sọnù níbẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀, tí ó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wà lọ́wọ́ àwọn ẹbí, bá ara rẹ̀ ní òpin kóòtù bí òǹwòran. Ìjọba gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ wọn, ìjọba nìkan ni ó sì lè dárí jini. Ìdí wà tí ọ̀rọ̀ náà kò fi kú. Láti òpin ọdún 1999 ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá, tí Zamfara ṣíwájú wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé òfin Ṣàríà tiwọn, tí ẹ̀mí dípò ẹ̀mí àti owó ẹ̀jẹ̀ sì padà wọlé fún Mùsùlùmí. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, wọ́n yẹgi fún ọkùnrin kan tí kóòtù Ṣàríà ní Katsina dá lẹ́bi ìpànìyàn. Ìbéèrè ọdún 1947 tún jí dìde: òfin wo, fún ta ni?

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Ní ayé Gubba, ọkùnrin kan lè dúró níwájú ikú láìmọ òfin tí yóò pa á, nítorí pé àwọn tí ó ń ṣe àkóso rẹ̀ fúnra wọn kò tíì fẹnu kò. Ìrọ̀rùn àkóso ni òyìnbó fi òfin méjì sílẹ̀ fún, odidi ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni ó sì gbà, láti ọdún 1903 dé 1960, kí a tó tún un ṣe. Àwọn tí ó tún un ṣe kò dójú ti Ẹ́míà, wọn kò sì tẹ ẹlẹ́sìn kékeré mọ́lẹ̀. Wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí Òkè Ọya kọ́ ní ọdún wọ̀nyẹn ni pé ìkà mìíràn tún wà, àní láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì kí a sì fi òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dá a. Ẹni tí yóò bá gba ẹ̀mí lórúkọ ìlú gbọdọ̀ lè fi òfin tí ó fi gbà á han gbogbo ìlú.